Ìdáríjì Kò Ní Kí Kóòtù Tilẹ̀kùn

Àwọn àgbà ní a kì í ti kóòtù bọ̀ ká ṣọ̀rẹ́. Òwe yìí ti gba ọ̀pọ̀ ẹbí lọ́wọ́ ìtúká, torí òun ló ń mú kí ẹ̀gbọ́n àti àbúrò tó ń jà lórí ilẹ̀ bàbá wọn kọ́kọ́ jókòó níwájú àgbà ilé kí wọ́n tó ro ti lọ́yà. Àmọ́ òwe yìí kan náà ni wọ́n fi ń pa ẹni tí wọ́n hùwà ìkà sí lẹ́nu mọ́. Bí ọ̀rọ̀ bá wá dé ṣọ́ọ̀ṣì, wọ́n á fi kún un pé Jésù ní ká dárí jini, kí ó fìjà fún Ọlọ́run jà. Ẹni tó ń sọ bẹ́ẹ̀ lè ní ọkàn rere. Síbẹ̀, ó ti so ohun méjì tí kò jọra pọ̀: kí èèyàn lé ìkórìíra kúrò lọ́kàn rẹ̀, àti kí ọ̀daràn bọ́ lọ́wọ́ òfin.

Ní alẹ́ Ọjọ́rú, ọjọ́ 17 oṣù kẹfà ọdún 2015, ọ̀dọ́mọkùnrin aláwọ̀ funfun kan, ẹni ọdún 21, wọ ṣọ́ọ̀ṣì Emanuel ní ìlú Charleston, ní ìpínlẹ̀ South Carolina ní Amẹ́ríkà. Ìjọ àwọn aláwọ̀ dúdú ni, ó sì ti wà láti ìgbà tí wọ́n ṣì ń ta èèyàn lẹ́rú nílùú náà. Ẹ̀kọ́ Bíbélì ló ń lọ lọ́wọ́. Wọ́n gbà á tọwọ́tẹsẹ̀, ó sì bá wọn jókòó fún bíi wákàtí kan. Ìgbà tí wọ́n dijú láti gbàdúrà ìparí ló fa ìbọn yọ. Èèyàn mẹ́sàn-án ló pa. Pásítọ̀ wọn, Clementa Pinckney, tó tún jẹ́ sẹ́nétọ̀ ní ìpínlẹ̀ náà, wà nínú wọn. Ẹni ọdún 87 ni Susie Jackson tó dàgbà jù. Ẹni ọdún 26 ni Tywanza Sanders tó kéré jù.

Ọjọ́ méjì lẹ́yìn náà, Dylann Roof, ọ̀dọ́mọkùnrin náà, fojú hàn níwájú adájọ́ nípasẹ̀ fídíò láti àtìmọ́lé. Adájọ́ fún àwọn ẹbí láyè láti sọ̀rọ̀. Nadine Collier, ọmọ Ethel Lance tó wà lára àwọn tó kú, ló kọ́kọ́ dìde. Ó ń sunkún, ó ní òun kò ní lè bá ìyá òun sọ̀rọ̀ mọ́ láéláé, ó sì ní òun dárí jì í. Anthony Thompson, ọkọ Myra tó kú, dárí jì í bákan náà, ó sì rọ̀ ọ́ pé kó ronú pìwà dà.

Èyí ni gbogbo ayé gbọ́. Èyí tó tẹ̀ lé e kò tàn kálẹ̀ tó bẹ́ẹ̀.

Ìdáríjì yẹn kò dá ẹjọ́ dúró. Felicia Sanders, ìyá Tywanza, tó dọ̀bálẹ̀ bo ọmọ-ọmọ rẹ̀ mọ́lẹ̀ lálẹ́ ọjọ́ náà kí apànìyàn lè rò pé àwọn méjèèjì ti kú, wá jẹ́rìí ní kóòtù. Ní oṣù kejìlá ọdún 2016, ìgbìmọ̀ ìdájọ́ ní Roof jẹ̀bi ẹ̀sùn mẹ́tàlélọ́gbọ̀n. Ní oṣù tó tẹ̀ lé e, wọ́n dájọ́ ikú fún un. Àwọn ẹbí tún pe ìjọba àpapọ̀ lẹ́jọ́, torí àyẹ̀wò FBI kùnà láti dá a dúró nígbà tó fẹ́ ra ìbọn tí òfin kò gbà fún un. Ní ọdún 2021, ìjọba gbà láti san mílíọ̀nù 88 dọ́là. Láàárín àwọn ẹbí kan náà ni ìdáríjì ti wá, ibẹ̀ náà ni wọ́n ti béèrè ẹ̀tọ́ wọn, kò sì sí ìtakora kankan níbẹ̀.

Bíbélì fúnra rẹ̀ ti ìwà yìí lẹ́yìn. Nígbà tí wọ́n gbá Jésù létí níwájú àlùfáà àgbà, kò gbá ẹni náà padà, àmọ́ kò dákẹ́: ó bi í pé kí ló dé tó fi lu òun. Ní Fílípì, wọ́n na Pọ́ọ̀lù ní gbangba láìgbọ́ ẹjọ́ rẹ̀. Nígbà tí wọ́n fẹ́ yọ́ tú u sílẹ̀, ó kọ̀ jálẹ̀. Ó ní kí àwọn ìjòyè fẹsẹ̀ ara wọn wá mú òun jáde. Lóòótọ́, òun kan náà ló bá àwọn ará Kọ́ríńtì wí pé wọ́n ń gbé ara wọn lọ sí kóòtù, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ ohun ìní láàárín ará ni ìyẹn. Nínú lẹ́tà rẹ̀ sí àwọn ará Róòmù, orí 12 ló ti gba ẹ̀san kúrò lọ́wọ́ onígbàgbọ́. Kò pẹ́ rárá, ní orí 13, ó fi idà sọ́wọ́ aláṣẹ ìlú. Ẹni tó bá dá ìwé kíkà dúró ní orí 12 kò tíì gbọ́ Pọ́ọ̀lù tán.

Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, àwọn kan tilẹ̀ ti kóòtù bọ̀, wọ́n ṣọ̀rẹ́. Ní oṣù kẹjọ ọdún 1993, àwọn ọ̀dọ́ pa Amy Biehl, akẹ́kọ̀ọ́ ará Amẹ́ríkà, ní Gugulethu lẹ́bàá Cape Town. Wọ́n rán mẹ́rin nínú wọn lẹ́wọ̀n ọdún 18. Ìgbìmọ̀ òtítọ́ àti ìlàjà tí Bíṣọ́ọ̀bù Àgbà Desmond Tutu jẹ́ alága rẹ̀ dá wọn sílẹ̀ ní 1998, lẹ́yìn tí wọ́n jẹ́wọ́ ohun tí wọ́n ṣe. Méjì nínú wọn padà ń bá àwọn òbí Amy ṣiṣẹ́ nínú àjọ tí wọ́n fi orúkọ rẹ̀ dá sílẹ̀. Kí a kíyè sí i pé òtítọ́ ló ṣáájú.

Ọ̀tá ẹni kì í pòdù ọ̀yà, ni Yorùbá wí. Bí ìkórìíra bá wọlé, ojú kì í ríran dáadáa mọ́. Ìdí nìyí tí àdúrà ìṣọ́ òru kan fi yẹ kó kọ onígbàgbọ́ lóminú. Sáàmù 35 àti 109 tí wọ́n ń kà lé ọ̀tá lórí jẹ́ igbe ẹni tí wọ́n fìyà jẹ sí Onídàájọ́. Ó gbé ẹjọ́ rẹ̀ sílẹ̀ fún Ọlọ́run. Ṣùgbọ́n bí wòlíì bá sọ pé ìyá ọkọ tàbí ìyàwó bàbá ló di ọ̀nà ẹnìkan, tí gbogbo ìjọ sì bẹ̀rẹ̀ sí í pariwo pé kó kú, ta ló gbọ́ tẹnu obìnrin yẹn? Agbẹjọ́ ẹnìkan dá, òṣìkà ni. Kí ẹnikẹ́ni má pe ẹbí rẹ̀ ní ọ̀tá lórí àlá tàbí ìran tí kò ní ẹ̀rí.

Kí èèyàn tún mọ ibi tí ó yẹ kí ọ̀rọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ. Gbèsè, owó ilé àti ìjà aládùúgbò lè parí níwájú alárinà. Ìjọba ìpínlẹ̀ Èkó ti dá Citizens' Mediation Centre sílẹ̀ fún èyí láti 1999, ọ̀fẹ́ sì ni. Ṣùgbọ́n ẹni tí wọ́n fipá bá lò pọ̀, ọ̀dọ̀ dókítà àti ọlọ́pàá ló yẹ kó kọ́kọ́ lọ. Ní Ìkẹjà, Mirabel Centre tó wà ní ilé ìwòsàn LASUTH ti ń tọ́jú irú wọn láti 2013. Pásítọ̀ tó bá ní kí ẹbí gba owó kí wọ́n sì bo irú ọ̀ràn bẹ́ẹ̀ mọ́lẹ̀ ti sọ ara rẹ̀ di arúfin lábẹ́ òfin Nàìjíríà.

Ọmọ Ethel Lance mìíràn wà, Sharon Risher, tí òun náà jẹ́ ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Nígbà tí àbúrò rẹ̀ dárí ji Roof, òun kò tíì lè ṣe é. Ó gbà á lọ́dún díẹ̀. Ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ fi ẹsẹ Bíbélì le irú ẹni bẹ́ẹ̀ léré. Pétérù, tí wọ́n ṣẹ̀, ló bi Jésù ní iye ìgbà tó yẹ kí òun dárí jini. Kì í ṣe ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́ ló béèrè. Pásítọ̀ tó bá fẹ́ ṣe irú ọmọ ìjọ bẹ́ẹ̀ lóore, kó bá a dé àgọ́ ọlọ́pàá, kó jókòó tì í ní gbogbo ọjọ́ tí ẹjọ́ bá fi ń lọ, kó sì ní sùúrù títí tí ọmọ ìjọ náà fúnra rẹ̀ yóò fi dá ọ̀rọ̀ ìdáríjì sílẹ̀.