Ike àti Ẹ̀yà Rẹ̀

Àwọn baba wa bọ̀, wọ́n ní, gbogbo alángbá ni ó da ikùn délẹ̀, a kò mọ èyí tí inú ń run. Bẹ́ẹ̀ gẹ́gẹ́ ni ọ̀ràn ike rí. Ní Festac Town, ìlú tí a kọ́ fún àjọ̀dún àṣà àwọn ènìyàn dúdú ti ọdún 1977, àti ní gbogbo Amuwo-Odofin, kò sí ilé tí ike kò sí. Bí òjò bá sì rọ̀, a ó rí i nínú gọ́tà. Ike ni gbogbo wa ń pè é, ṣùgbọ́n ẹ̀yà rẹ̀ pọ̀.

Ẹ jẹ́ kí a fi ìdánwò kékeré kan wò ó. Ẹ mú ìgò omi kan, irú èyí tí wọ́n ń tà fún àwọn èrò ọkọ̀ ní Mile 2. Ẹ gé díẹ̀ lára ìgò náà, ẹ gé díẹ̀ lára ìdérí rẹ̀, kí ẹ sì tẹ méjèèjì bọ omi. Ti ìgò yóò rì. Ti ìdérí yóò léfòó. Ẹ̀yà méjì ni ó wà lára ohun kan ṣoṣo! Ọ̀nà yìí náà ni àwọn tí ń sọ ike àlòkù di ọ̀tun fi ń yà wọ́n sọ́tọ̀, nítorí bí a bá yọ́ wọn pọ̀, ohun tí a fi wọ́n ṣe kì í lágbára.

Láti ọdún 1988 ni wọ́n ti ń tẹ nọ́ńbà, láti 1 dé 7, sí ìdí ohun èlò ike, nínú àmì onígun mẹ́ta.

1. PET: ìgò omi. Ó mọ́ gaara, ṣùgbọ́n omi gbígbóná a máa ká a kò.
2. HDPE: kẹ́ẹ̀gì. Ó le, kì í sì í tètè fọ́.
3. PVC: páìpù omi. Ó máa ń pẹ́ nínú ilẹ̀.
4. LDPE: ọ̀rá píọ́ wọ́tà. Ó fẹ́lẹ́, ó sì rọ̀.
5. PP: àga ike àti àpò ìrẹsì. Ó fara da ooru ju nọ́ńbà 1 lọ.
6. PS: abọ́ funfun fífúyẹ́ tí àwọn olóúnjẹ fi ń di oúnjẹ. Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fi òfin dè é ní oṣù kìíní ọdún 2024.
7. Gbogbo ìyókù.

Mẹ́fà ìṣáájú, ooru a máa yọ́ wọn, a sì lè tún wọn dà bí òjé. Ṣùgbọ́n ike dúdú tí ó wà lára ọwọ́ ìkòkò kì í yọ́. Bí iná bá pọ̀ jù, jíjó ni yóò jó.

Níhìn-ín ni ẹ̀kọ́ náà ti kan àwa tí a fẹ́ ṣe olùkọ́ gan-an. Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ènìyàn ni ó ń dáná sun pàǹtírí ní ẹ̀yìnkùlé. Bí ègé páìpù bá wà nínú rẹ̀, èéfín rẹ̀ a máa gbé ásíìdì tí ń ta ọ̀fun àti ẹ̀dọ̀fóró. Olùkọ́ tí ó bá rán ọmọdé lọ dáná sun irú nǹkan bẹ́ẹ̀ ti fi ọmọ ọlọ́mọ sínú ewu láìmọ̀. Nítorí náà, kí a tó lo ike, kí a tó sọ ọ́ nù, ẹ jẹ́ kí a kọ́kọ́ yí ìdí rẹ̀ wò, kí a sì kọ́ àwọn ọmọ wa láti máa ṣe bẹ́ẹ̀.