Ẹ̀kọ́: Bí A Ó Ti Gba Ohùn Inú Téèpù Là

Ní ọdún 1922 ni Àlùfáà J. J. Ransome-Kuti ti Abẹ́òkúta, baba Israel tí ó ṣe olórí Ijebu-Ode Grammar School títí di 1932, kọ orin Yorùbá sínú àwo fún ilé-iṣẹ́ Zonophone ní Lọ́ńdọ̀nù. Ó papòdà ní 1930. Ṣùgbọ́n títí di òní a ń gbọ́ ohùn rẹ̀, nítorí pé a pa àwọn àwo náà mọ́, a sì ṣe àdàkọ wọn.

Ohùn àwọn àgbà tiwa ńkọ́? Láti ìgbà tí ilé-iṣẹ́ Philips ti mú kásẹ́ẹ̀tì jáde ní 1963, ó ti rọrùn fún ẹnikẹ́ni láti gba ohùn sílẹ̀. Ìtàn ìdílé, oríkì, orin ẹgbẹ́ àti ìwúre ìgbéyàwó wà nínú àpótí ọ̀pọ̀ ilé ní Ìjẹ̀bú. Níbẹ̀ pẹ̀lú ni ẹ̀ka èdè wa wà bí àwọn ìyá wa àgbà ti ń sọ ọ́, èyí tí púpọ̀ nínú àwọn ọmọ wa kò gbọ́ mọ́.

Ọ̀já ike tẹ́ẹ́rẹ́ ni téèpù. Lẹ́búlẹ́bú irin tí a lẹ̀ mọ́ ọn ni ó di ohùn mú. Ooru àti ọ̀rinrin a máa ba ohun tí a fi lẹ̀ ẹ́ jẹ́, téèpù a sì di bí àtè, tàbí kí ó hu èébu. Ẹ̀rọ tí a fi ń gbọ́ ọ pẹ̀lú ti ń tán lọ. Ní 2019, UNESCO àti ẹgbẹ́ IASA kìlọ̀ fún gbogbo ayé pé, bí ó bá fi di nǹkan bí 2025, yóò ṣòro gidigidi láti gbọ́ ohun tí ó wà nínú téèpù. Ọdún náà ti dé.

Ẹ jẹ́ kí a wo àpẹẹrẹ Guinea. Ní 1985, nígbà tí àwọn kan fẹ́ fi ipá gba ìjọba, ìbọn ńlá ba ilé-iṣẹ́ rédíò Conakry jẹ́, púpọ̀ nínú téèpù ibẹ̀ sì ṣègbé. Síbẹ̀, láàárín 2008 àti 2013, Graeme Counsel àti àwọn òṣìṣẹ́ rédíò náà, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ British Library, kó orin 9,410 láti inú àwọn téèpù tí ó ṣẹ́kù sínú kọ̀ǹpútà.

Báwo ni àwa náà yóò ti ṣe é?

Èkíní, kí a yẹ téèpù wò. Bí ó bá ń lẹ̀, tàbí tí ó hu èébu, kí a má ṣe fi í sínú ẹ̀rọ; ẹni tí ó mọ iṣẹ́ náà ni kí a gbé e fún. Kí a ṣẹ́ etí kékeré méjì tí ó wà lẹ́yìn kásẹ́ẹ̀tì, kí ẹnikẹ́ni má baà gba ohùn mìíràn lé e lórí.

Èkejì, kí a fi òwú tí a rẹ sínú sípírítì nu ojú ibi tí téèpù ń gbà kọjá nínú ẹ̀rọ, kí ó sì gbẹ.

Ẹ̀kẹta, wáyà ni kí a fi so ẹ̀rọ mọ́ kọ̀ǹpútà; kí a má ṣe gbé fóònù sí ẹnu sípíkà. Kọ̀ǹpútà yóò wọn ohùn náà ní ìgbà 48,000 tàbí 96,000 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, yóò sì sọ ọ́ di nọ́ńbà. WAV ni kí a fi pamọ́, nítorí MP3 a máa gé nínú ohùn kúrò kí ó lè kéré. Téèpù wákàtí kan, iṣẹ́ wákàtí kan ni. Kò sí àbùjá.

Ẹ̀kẹrin, kí a ṣe àdàkọ mẹ́ta, kí ọ̀kan wà ní ilé mìíràn. Kí a má sì sọ téèpù nù.

Ẹ̀karùn-ún, kí a kọ orúkọ ẹni tí ń sọ̀rọ̀, ibi tí ó ti sọ ọ́ àti ọdún rẹ̀. Èyí ni kọ̀ǹpútà kò lè ṣe fún wa. Àwọn àgbà tí ó lè gbọ́ ohùn náà kí wọ́n sì wí pé, "Lágbájá nìyí," kò pọ̀ mọ́ láàárín wa. Ìjáfara léwu, ẹ jẹ́ kí a jókòó tì wọ́n nísinsìnyí.