Omi Tó Mọ́ Lójú

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ wa, àwọ̀, ìtọ́wò àti òórùn la fi ń mọ omi tó tọ́ sí àlùwàlá. Ṣùgbọ́n omi kànga Mushin lè yege nínú mẹ́tẹ̀ẹ̀ta kí òjé ṣì wà nínú rẹ̀. Síse kì í sì í mú òjé kúrò. Ní Zamfara lọ́dún 2010, òjé láti ibi iṣẹ́ wúrà pa ọmọdé tí kò dín ní 400.

Àwọn onímọ̀ ń so irin bíi europium mọ́ pólímà, ẹbí ike àti ọ̀rá. Bí a bá tan irú iná tí báńkì fi ń yẹ owó wò sí i, á tàn pupa. Bí irin olóró tí wọ́n ṣe é dè bá kàn án, ìmọ́lẹ̀ náà á ṣú.

Kànga tó bá sún mọ́ ibi tí wọ́n ti ń tú bátìrì ọkọ̀, ẹ jẹ́ ká gbé omi rẹ̀ lọ fún àyẹ̀wò ká tó bù ú fún ọmọdé.