Ohun tí Omi Nìkan Kò Lè Fọ̀ Kúrò Lára Irun

Díẹ̀ ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ilé ìwé yìí tí wọn kò gbọ́ ní yàrá ẹ̀kọ́ kẹ́mísírì pé èròjà ọṣẹ ní orí kan tí ó fẹ́ràn omi àti ìrù kan tí ó fẹ́ràn epo. A kọ ọ́ sínú ìwé, a ya àwòrán rẹ̀, a sì fi ṣe ìdánwò. Ṣùgbọ́n nígbà tí ọ̀rọ̀ bá kan irun àwọn ọmọ wa, ó dà bí ẹni pé a ti fi ẹ̀kọ́ náà sílẹ̀ nínú yàrá ọ̀hún. Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ kí a tún un gbé yẹ̀wò nínú ìwé ìrántí ọdún yìí, nítorí àwọn òbí kan ń ná owó lórí oògùn orí yíyún, nígbà tí ohun tí ó wà lórí ọmọ wọn kì í ṣe àìsàn rárá. Ìpara oṣù mẹ́ta ni.

Ìpara irun tí a ń rà ní ọjà kì í ṣe irú kan náà. Jẹ́ẹ̀lì tí onídìrí fi ń tẹ irun mọ́lẹ̀ jẹ́ àpòpọ̀ omi àti èròjà àlẹ̀mọ́. Bí omi bá ti kàn án, púpọ̀ nínú rẹ̀ a yọ́. Ti ìpara tí a fi Vaseline ṣe kò rí bẹ́ẹ̀. Láti inú epo rọ̀bì ni Robert Chesebrough ti mú Vaseline jáde, tí ó sì gba ìwé àṣẹ lórí rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní ọdún 1872; omi kò sì ní agbára kankan lórí irú nǹkan bẹ́ẹ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìda oyin, àti èròjà tí ó ń mú irun dán, èyí tí ẹ ó rí lára ìgò pẹ̀lú orúkọ bíi dimethicone. Òrí àti àdí pàápàá wà nínú ẹgbẹ́ yìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ọwọ́ àwọn ìyá wa ni a ti gbà wọ́n.

Bí a bá wo fọ́nrán irun kan lábẹ́ máíkírósíkóòpù, a ó rí i pé ìpẹ́ wẹ́wẹ́ ni ó bò ó, tí wọ́n tò lé ara wọn bí páànù orí ilé. Irun tiwa tún lọ́, ó sì ká, nítorí náà epo tí awọ orí ń mú jáde fúnra rẹ̀ kì í lè ṣàn dé etí irun. Awọ orí a kún fún epo, etí irun a sì gbẹ. Nígbà tí ìyá bá rí i pé irun ọmọ òun gbẹ, a fi ìpara kún un. Eruku ọyẹ́ a lẹ̀ mọ́ ìpara náà, òógùn a dà pọ̀ mọ́ ọn, fọ́nrán òwú láti ara gèlè àti ìrọ̀rí a bá wọn jókòó. Láìpẹ́, ohun tí ó bo irun a nípọn tó bẹ́ẹ̀ tí omi tí a bá dà sí i yóò máa yí dànù bí omi orí ewé kókò. Omi gan-an sì ni irun náà ń fẹ́. Irun a wá gbẹ sí i, ìyá a sì tún gbé agolo ìpara.

Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ̀ bóyá ọ̀rọ̀ yìí kan ọmọ òun, kí ó fi èékánná fa awọ orí ọmọ náà jẹ́jẹ́. Bí ohun tí ó bọ́ sínú èékánná bá dà bí ìda, tí ó ní àwọ̀ eérú, ìpara ni. Bí ó bá jẹ́ ìpẹ́pẹ́ funfun gbígbẹ tí ó ń fò dànù, awọ orí fúnra rẹ̀ ni ó ń bó.

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe tuntun, kì í sì í ṣe tiwa nìkan. Obìnrin aláwọ̀ dúdú ará Amẹ́ríkà tí ayé mọ̀ sí Madam C. J. Walker, tí a bí ní ọdún 1867, fi títa ìpara irun di olówó ńlá. Irú ohun tí a fi ń ṣe Vaseline wà nínú ìpara rẹ̀, pẹ̀lú imí ọjọ́. Síbẹ̀ ó ń kọ́ àwọn obìnrin tí wọ́n ń bá a ta ọjà pé kí a máa fọ awọ orí déédéé. Ní àkókò rẹ̀, ọ̀pọ̀ ilé ni kò ní omi ẹ̀rọ, orí fífọ̀ sì jẹ́ iṣẹ́ ńlá. Mo fẹ́ràn ẹni tí ó ń ta ìpara tí ó sì ń wàásù omi.

Ẹ jẹ́ kí a padà sí orí àti ìrù èròjà ọṣẹ. Ìrù a wọ inú epo, orí a di omi mú. Nígbà tí a bá ṣàn án, omi a fà á lọ tòun ti epo tí ó dì mọ́. Báyìí ni ọṣẹ dúdú ń ṣiṣẹ́, báyìí náà sì ni ṣáńpù. Ṣùgbọ́n eérú wà nínú ohun tí a fi ń se ọṣẹ dúdú, nítorí náà ìwọ̀n pH rẹ̀ a máa tó 9 sí 10, nígbà tí ti awọ orí wà ní nǹkan bíi 5.5. Ohun tí ó bá ga tó bẹ́ẹ̀ a máa ṣí ìpẹ́ ara irun sókè, irun a sì le. Ọ̀rọ̀ omi tún wà níbẹ̀. Omi kànga ní ọ̀pọ̀ ibi jẹ́ omi líle, tí kálísíọ̀mù àti magnesium wà nínú rẹ̀. Bí ọṣẹ bá pàdé wọn, wọn a di èérí funfun tí kì í yọ́, irú èyí tí a máa ń rí yí korobá ká lẹ́yìn ìwẹ̀. Èérí náà a jókòó sórí irun. Àwọn ìyá àgbà tí wọ́n ń gbé ìkòkò sábẹ́ ọ̀ṣọ̀ọ̀rọ̀ láti gba omi òjò fún orí fífọ̀ mọ ohun tí wọ́n ń ṣe, nítorí kálísíọ̀mù inú omi òjò kò tó nǹkan. Ṣáńpù kì í bá omi líle jà bẹ́ẹ̀. Ẹ wá èyí tí wọ́n kọ clarifying sí lára, kí ẹ máa lò ó lẹ́ẹ̀kan lóṣù. Bí EDTA bá wà nínú rẹ̀, ó tún dára sí i, nítorí iṣẹ́ rẹ̀ ni láti di kálísíọ̀mù náà mú.

Ibi tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin òbí fara balẹ̀ sí jù lọ ni irun tí ó ti wà ní dídì fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà. Bí a bá tú u, a ó rí ohun kan bíi kókó kékeré, aláwọ̀ eérú, ní ìdí ìdì kọ̀ọ̀kan. Ẹ má ṣe tíì jẹ́ kí omi kàn án. Bí omi bá bá kókó náà níbẹ̀, yóò so irun pọ̀ kọjá ohun tí òòyà lè tú, ọmọ náà yóò sunkún, ọ̀rọ̀ yóò sì di ti sísọ́ọ̀sì. Ẹ kán òróró díẹ̀ sí i, nítorí epo ni ó ń tú epo. Ẹ fi ìka méjì fà á ya díẹ̀díẹ̀, kí ẹ tó fi òòyà eléyín ńlá ya irun náà láti etí wá sí ìdí. Irun púpọ̀ yóò bọ́. Ẹ má ṣe pariwo. Irun 50 sí 100 ni ó ń já bọ́ lórí ènìyàn lójúmọ́. Nínú ọjọ́ 42 tí dídì náà fi há a mọ́, èyí á tó 2,100 sí 4,200. Irun tí ó ti já tipẹ́ ni, ọ̀nà ni kò rí jáde.

Ọmọ tí ó ń gbé inú ọgbà ilé ìwé lè sọ pé korobá omi kan ṣoṣo ni òun ní. Ó tó, bí ó bá mọ̀ ọ́n pín. Kí ó pín irun sí ọ̀nà mẹ́rin, kí ó po ṣáńpù mọ́ omi díẹ̀ nínú ife, kí ó dà á sí awọ orí, kí ó sì fi orí ìka rà á, kì í ṣe èékánná. Fífọ̀ àkọ́kọ́ kì í sábà hó, nítorí ìrù èròjà ọṣẹ ti rí epo wọ̀. Kí ó ṣàn án, kí ó tún un fọ̀. Ìgbà kejì ni yóò hó dáadáa. Ìdajì korobá náà ni kí ó fi pamọ́ fún ṣíṣàn, nítorí ṣáńpù tí a kò ṣàn tán, òun náà a máa mú orí yún. Lẹ́yìn náà, nígbà tí irun ṣì tutù, ìpara tí kò ju èkùrọ́ kan lọ tó gbogbo orí.

Ọtí kíkan tí a ń lò sí oúnjẹ wúlò lẹ́yìn fífọ̀: ṣíbí ìjẹun méjì nínú ife omi méjì, kí a dà á sórí, kí a sì ṣàn án. Ó ń yọ́ èérí omi líle, ó sì ń mú ìpẹ́ irun padà sùn, ṣùgbọ́n kò lè yọ Vaseline. Àwọn kan a máa pò ó mọ́ sódà tí a fi ń ṣe àkàrà òyìnbó. Ó hó ṣùùṣùù, inú wọn dùn. Ẹ̀yin tí ẹ ṣe kẹ́mísírì, ẹ rántí ohun tí ásíìdì àti álíkálì ń fi ara wọn ṣe: gáàsì ti bá afẹ́fẹ́ lọ, omi àti iyọ̀ ni ó kù. Omi ọsàn wẹ́wẹ́ ni kí a má tilẹ̀ dán wò, nítorí bí oòrùn bá bá a lára awọ, ó lè jó o títí yóò fi lé ròrò. Ọṣẹ oníyẹ̀fun ìfọṣọ kì í ṣe fún orí ọmọ. Kẹrosíìnì, ẹ jọ̀wọ́, kì í ṣe fún orí ẹnikẹ́ni.

Bí irun bá ń já ní ojú kan róbótó, tí ó ku àmì dúdú wẹ́wẹ́ níbẹ̀, kì í ṣe ọ̀rọ̀ ìpara mọ́. Ó ṣeé ṣe kí ó jẹ́ làpálàpá orí, ó sì máa ń ràn láti orí dé orí nípa òòyà, fìlà àti ìrọ̀rí. Oògùn pípa nìkan kì í ràn án, nítorí kì í dé inú ihò irun tí àrùn náà sá sí. Oògùn mímu bíi griseofulvin ni dókítà yóò kọ, ọmọ náà yóò sì lò ó fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀. Ẹ tètè gbé e lọ sí ilé ìwòsàn. Iwájú orí tí irun rẹ̀ ń sá sẹ́yìn yàtọ̀ sí èyí: dídì tí ó le jù ni ó sábà máa ń fà á, kí ẹ sọ fún onídìrí kí ó dẹ ọwọ́.

Ní ọjọ́ tí ẹ bá fọ orí ọmọ, ẹ rẹ òòyà rẹ̀ pẹ̀lú sínú omi lílọ́wọ́ọ́ àti ṣáńpù, kí ẹ sì fi búrọ́ọ̀ṣì eyín àlòkù fọ àárín eyín rẹ̀. Ìpara àtijọ́ tí ó wà níbẹ̀ ni yóò kọ́kọ́ padà sórí irun náà ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì.