Lẹ́tà Kámẹ́rà: Má Dákẹ́, Má Sì Parọ́

Àbúrò mi, sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe èyí tí a ń sọ lẹ́nu ọ̀nà ṣọ́ọ̀ṣì lẹ́yìn ìsìn. Nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí a wà yìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ló ti gba lẹ́tà tó sọ pé kámẹ́rà ká mọ́tò wa mọ́ ibi tó ti ń sá eré àsápajúdé. Ohun tí kálukú ń ṣe sí lẹ́tà náà ló yàtọ̀. Ẹnìkan á tì í sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n, á ní òun á kà á tí òun bá jí. Ẹnìkan á fi òróró sí i, á gbàdúrà lé e lórí. Ẹlòmíràn á pe àbúrò ọkọ rẹ̀ tí láísẹ́ǹsì rẹ̀ ṣì mọ́, á ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé e." Eré àsápajúdé kò dára lóòótọ́, ṣùgbọ́n lọ́pọ̀ ìgbà, owó díẹ̀ àti wákàtí mélòó kan ló máa parí ẹ̀. Ìdákẹ́ àti irọ́ ló ń sọ ọ́ di ohun tó ń gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ènìyàn, tó sì ń sọ ẹlòmíràn sẹ́wọ̀n.

Kí ni lẹ́tà náà ń béèrè?

Ká ní iṣẹ́ kíà lò ń ṣe. O ti wẹ bàbá àgbà kan tán, o ti fún un ní tíì àti oògùn rẹ̀. Rota ní kí o dé ọ̀dọ̀ ìyá àgbà kejì láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ ọ̀nà ibẹ̀ jìn ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ojú ọ̀nà tó jẹ́ máìlì 40 ní wákàtí kan yí padà sí 30 níbi tí ilé ti bẹ̀rẹ̀, ìwọ ò sì tíì dẹ ẹsẹ̀. Àpótí aláwọ̀ ìyeyè tó wà lórí òpó bù yẹ̀rì lẹ́ẹ̀mejì lẹ́yìn rẹ. O wo dáṣíbọ́ọ̀dù: 37.

Lẹ́tà tó máa tẹ̀lé e kì í lọ bá ẹni tó wakọ̀. Ẹni tí orúkọ rẹ̀ wà nínú V5C, ìyẹn ìwé mọ́tò, ló máa lọ bá, òfin sì ní kó tẹ̀ ẹ́ lọ́wọ́ láàárín ọjọ́ 14. Wàá rí ibi tó ti ṣẹlẹ̀, ọjọ́, aago, eré tí mọ́tò ń sá àti iye tí òfin gbà níbẹ̀. Kò tíì sí owó ìtanràn nínú rẹ̀ o. Ìbéèrè kan ṣoṣo ló gbé wá: ta ló wà nídìí ọkọ̀? Ọjọ́ 28 ni wọ́n fún ọ láti dáhùn.

Bó bá jẹ́ ìwọ ni, kọ orúkọ rẹ. Bó bá jẹ́ ọkọ rẹ ni, tàbí ẹ̀gbọ́n rẹ tó wá kí yín lópin ọ̀sẹ̀, kọ orúkọ àti àdírẹ́sì onítọ̀hún, wọ́n á fi tirẹ̀ ránṣẹ́ sí i. Buwọ́ lù ú, dá a padà, kí o sì tọ́jú ẹ̀rí pé o ti fi ránṣẹ́. Bí ìwọ àti ọkọ rẹ bá jọ ń lo mọ́tò, tí ẹ ò sì rántí ẹni tó wakọ̀ lọ́jọ́ náà, ẹ wo rota, ẹ wo fóònù, ẹ wo ibi tí káàdì báńkì ti ná owó. O tún lè ní kí ọlọ́pàá fi fọ́tò kámẹ́rà hàn ọ́.

Pẹ̀lú 37 lójú ọ̀nà 30, ó ṣeé ṣe kí wọ́n ní kí o wá ṣe kọ́ọ̀sì dípò póìǹtì. Ìlànà ọlọ́pàá ni pé kọ́ọ̀sì wà fún ẹni tó sá 24 sí 31 níbi tó jẹ́ 20, 35 sí 42 níbi tó jẹ́ 30, àti 79 sí 86 lórí mọ́tọ̀wéè tó jẹ́ 70, bí onítọ̀hún ò bá tíì ṣe irú rẹ̀ láàárín ọdún mẹ́ta. Bí wọ́n bá fi lọ̀ ọ́, gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Owó rẹ̀ kì í sábà jìnnà sí £100, kò sí ìdánwò níbẹ̀, póìǹtì kankan ò sì ní wọ láísẹ́ǹsì rẹ. Orí íntánẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ti ń ṣe púpọ̀ nínú rẹ̀ báyìí. Ṣùgbọ́n jókòó síbì kan, tan kámẹ́rà, gbé láísẹ́ǹsì sítòsí. Má gbé àmàlà kaná, má sì jókòó sínú ọkọ̀ tó ń lọ. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ò sí níbẹ̀, wọ́n lè yọ ọ́ kúrò, ọ̀rọ̀ á sì padà sídìí póìǹtì.

Bí eré náà bá ju ti kọ́ọ̀sì lọ, tàbí tó o ti ṣe kọ́ọ̀sì láìpẹ́, £100 àti póìǹtì 3 ló kàn. Bó bá tó 50 lójú ọ̀nà 30, ilé ẹjọ́ ni. Níbẹ̀, iye tó ń wọlé fún ọ lọ́sẹ̀ ni wọ́n fi ń ṣírò owó ìtanràn, wọ́n sì lè ní kí o má wakọ̀ fún ìgbà kan.

Ìwọ tó o ṣẹ̀ṣẹ̀ gba láísẹ́ǹsì ibí

Ìwọ ni mo tìtorí ẹ̀ pe ìpàdé yìí. Oṣù 12 péré ni láísẹ́ǹsì Nàìjíríà fi ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tó wá gbé níbí. Lẹ́yìn ìyẹn, o gbọ́dọ̀ ṣe ìdánwò bí ọmọ ọdún mẹ́tàdínlógún tí bàbá rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ní mọ́tò. O lè ti wakọ̀ láti Ọ̀jọ́ta dé Ìbàdàn fún ọdún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, kí o ti mọ bí wọ́n ṣe ń yẹ dáńfó sílẹ̀ láì fọn fèrè. Lójú òfin ibí, awakọ̀ tuntun ni ẹ́ fún ọdún méjì gbáko láti ọjọ́ tó o yege.

Òfin ọdún 1995 kan wà fún awakọ̀ tuntun. Bí póìǹtì rẹ bá pé 6 láàárín ọdún méjì yẹn, DVLA, iléeṣẹ́ ìjọba tó ń fúnni ní láísẹ́ǹsì, á fagi lé tìrẹ. Kò ní sí pé o bẹ adájọ́, wọn ò ní bi ọ́ pé ọmọ mélòó lò ń gbé lọ síléèwé. Lẹ́tà ni wọ́n á fi sọ fún ọ. Wàá padà lẹ L pupa mọ́ mọ́tò, wàá tún ìdánwò orí kọ̀ǹpútà ṣe, wàá tún ti ojú títì ṣe.

Eré àsápajúdé ẹ̀ẹ̀mejì, mẹ́ta mẹ́ta, ti pé 6 nìyẹn. Ṣùgbọ́n gbọ́ èyí: bó o bá dákẹ́, tí o kò sọ ẹni tó wakọ̀ láàárín ọjọ́ 28, ẹ̀ṣẹ̀ ọ̀tọ̀ nìyẹn jẹ́, póìǹtì 6 ló ní, owó ìtanràn rẹ̀ sì lè tó £1,000. Lẹ́tà tí ìbá mú póìǹtì 3 wá, tàbí kó má mú ẹyọ kan wá rárá bí kọ́ọ̀sì bá wà, ló gba láísẹ́ǹsì lọ lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo nítorí pé o tì í sábẹ́ tẹlifíṣọ̀n. Ta ló ń fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá? Ẹni tó ń lọ láti ilé arúgbó kan dé òmíràn kò lè ṣiṣẹ́ láìsí láísẹ́ǹsì. Bó bá sì jẹ́ iṣẹ́ yẹn ló gbé físà rẹ dúró, ìwọ náà mọ ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ.

"Ẹ bá mi gbé e"

Ẹ̀yin aya ilé, ẹ gbọ́ ìtàn yìí dáadáa. Ní 2003, kámẹ́rà ká mọ́tò olóṣèlú kan tó ń jẹ́ Chris Huhne mọ́ orí mọ́tọ̀wéè M11 nígbà tó ń bọ̀ láti pápákọ̀ òfurufú Stansted. Póìǹtì ti fẹ́ kún láísẹ́ǹsì rẹ̀, ìyàwó rẹ̀, Vicky Pryce, sì gbà á sórí ara rẹ̀. Ọdún ń gorí ọdún, ọkọ di mínísítà. Ní 2010, ó fi ìyàwó sílẹ̀ nítorí obìnrin mìíràn. Inú bí ìyàwó, ó tú àṣírí fún àwọn oníwèé ìròyìn. Ní oṣù Kẹta 2013, adájọ́ rán ọkọ lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́jọ, ó rán aya náà lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́jọ. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ni òtítọ́ á bá a. Tiwọn ò tiẹ̀ tó ogún.

Nígbà ẹjọ́ náà, ohun tí Vicky Pryce sọ ni pé ọkọ òun ló fipá mú òun. Òfin àtijọ́ kan wà lóòótọ́ tí aya lè fi irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ gba ara rẹ̀ sílẹ̀, ṣùgbọ́n àwọn ará ìlú tó jókòó gbọ́ ẹjọ́ náà kò gbà á gbọ́. Ní 2014, wọ́n pa òfin ọ̀hún rẹ́ pátápátá. Nítorí náà, bí bàbá ọmọ bá fi ohùn jẹ́jẹ́ pè ọ́ ní "Olólùfẹ́ mi" nígbà tí lẹ́tà dé, rántí pé ìwọ fúnra rẹ lo máa buwọ́ lùwé.

Bó o bá ní ti òyìnbó nìyẹn, orúkọ Fiona Onasanya kò lè ṣàjèjì sí ọ. Lọ́yà ni, ó tún jẹ́ aṣòfin fún Peterborough. Ní 2017, mọ́tò rẹ̀ sá 41 níbi tó jẹ́ 30. Ilé ẹjọ́ dá a lẹ́bi pé ó purọ́ lórí ẹni tó wakọ̀, wọ́n sì rán an lẹ́wọ̀n oṣù mẹ́ta ní oṣù Kínní 2019. Àwọn olùdìbò Peterborough buwọ́ lùwé, wọ́n pè é kúrò nílé aṣòfin, òun sì ni aṣòfin àkọ́kọ́ tí irú rẹ̀ ṣẹlẹ̀ sí ní Bìrìtìkó. Lọ́dún kan náà, wọ́n yọ orúkọ rẹ̀ kúrò nínú ìwé àwọn lọ́yà. Wo eré 41 yẹn dáadáa: inú ìwọ̀n tí ìlànà fi sílẹ̀ fún kọ́ọ̀sì ló ṣì wà.

Ibi tí póìǹtì ń dé

Póìǹtì eré àsápajúdé máa ń wà lórí láísẹ́ǹsì fún ọdún mẹ́rin. Bí ó bá pé 12 láàárín ọdún mẹ́ta, ó kéré tán, oṣù mẹ́fà ni wọn ò ní jẹ́ kí o wakọ̀, àyàfi bí adájọ́ bá rí i pé ìyà náà á pọ̀ jù. Àwọn oníìǹṣọ́ránsì máa ń béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀ láàárín ọdún márùn-ún. Sọ òótọ́ fún wọn. Bó o bá fi pamọ́ tí ìjàǹbá wá ṣẹlẹ̀, wọ́n lè kọ̀ láti sanwó.

Bẹ́ẹ̀ náà ni fọ́ọ̀mù ìwé ọmọ ìlú. Tíkẹ́ẹ̀tì kan tó o ti san lásìkò kì í sábà dí ènìyàn lọ́wọ́, ṣùgbọ́n wọ́n ní kí o kọ ọ́ síbẹ̀. Má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ fún ọ pé wọn ò ní mọ̀. Ẹni tí wọ́n bá ká irọ́ mọ́ lọ́wọ́ níbẹ̀, ìwà rẹ̀ ni wọ́n máa yẹ̀ wò, wọn ò ní wo eré tó sá mọ́.

Ohun tí mo fẹ́ kí o ṣe lọ́sẹ̀ yìí

Bó o bá ti kó kúrò ní Peckham lọ sí Dartford, yí àdírẹ́sì padà lórí V5C àti lórí láísẹ́ǹsì. Méjèèjì ni, ọ̀kan ò tó. Ilé tó o ti kó kúrò ni lẹ́tà máa ń lọ, ẹni tó ń gbébẹ̀ á jù ú nù, wọ́n á sì dá ọ lẹ́bi níbi tó ò sí. Bí irú ẹ̀ bá ti ṣẹlẹ̀, ọjọ́ 21 lo ní láti ìgbà tó o gbọ́ láti búra níwájú lọ́yà tàbí nílé ẹjọ́ pé o ò mọ̀ nípa ẹjọ́ náà, kí wọ́n lè tún un gbọ́.

Wọ ojúewé ìjọba, kí o fi nọ́ńbà láísẹ́ǹsì, nọ́ńbà National Insurance àti postcode rẹ wo póìǹtì tó wà lọ́rùn rẹ. Bí ẹnìkan bá fi téẹ́sì ránṣẹ́ pé kí o tẹ ibì kan láti sanwó eré tó o sá, pa á rẹ́. Lẹ́tà ọlọ́pàá máa ń gba pósítì wá. Bó bá wá jẹ́ ti ilé ẹjọ́ ló dé, ọjọ́ 21 ni wọ́n fi sílẹ̀ fún ìdáhùn. Bó o bá mọ̀ pé o jẹ̀bi, tètè gbà, wọ́n á yọ ìdá kan nínú mẹ́ta owó ìtanràn kúrò.

Ní ti eré fúnra rẹ̀, Wales ti sọ ọ̀pọ̀ ojú ọ̀nà 30 di 20 láti oṣù Kẹsàn-án 2023, ọ̀pọ̀ òpópónà London náà sì ti di 20. Ọmọdé tí mọ́tò gbá ní 20 ṣì lè dìde, ti 40 le púpọ̀. Wá bọ́tìnnì tó ń dá eré mọ́tò dúró síye kan, kọ́ bí wọ́n ṣe ń lò ó.

Lẹ́yìn náà, kọ̀wé sí máníjà rẹ. Má sọ ọ́ lẹ́nu lásán. Kọ ọ́ pé láti ilé bàbá yìí dé ilé ìyá yẹn ń gba ìṣẹ́jú méjìdínlógún, mẹ́wàá lẹ sì kọ sí i. Òun ló ń ṣe rota, ṣùgbọ́n láísẹ́ǹsì tìẹ ni póìǹtì máa wọ̀.