Kádàrá Kì Í Ṣe Àwáwí: Ẹ̀tọ́ Aláìní Tí Àjálù Dé Bá

Gbogbo ọpẹ́ ti Ọlọ́hun ni, Ọba tí ó ń rọ òjò láti sánmọ̀, tí ó fi ń sọ ilẹ̀ tí ó ti kú di alààyè. A tọrọ ìkẹ́ àti ìgẹ̀ Rẹ̀ fún Ànábì Muhammad, fún àwọn ará ilé rẹ̀, àwọn sàábé rẹ̀ àti gbogbo ẹni tí ó tẹ̀lé ìlànà wọn títí di ọjọ́ Àlùkìyámọ̀.

Ẹ̀yin ẹrúsìn Ọlọ́hun, a gba ara wa ní ìmọ̀ràn pé kí a bẹ̀rù Ọlọ́hun ní ìkọ̀kọ̀ àti ní gbangba. Ọ̀rọ̀ àwọn aláìní tí àjálù dé bá ni a fẹ́ fi rán ara wa létí lónìí. Kí ni ẹ̀tọ́ wọn lọ́dọ̀ àwọn aláṣẹ? Kí sì ni ẹ̀tọ́ wọn lọ́dọ̀ àwa tí omi kò wọ ilé wa?

Àwa Mùsùlùmí gbà pé kò sí ohun tí ó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn ìmọ̀ àti àṣẹ Ọlọ́hun. Ìgbàgbọ́ nínú kádàrá jẹ́ òpó kan nínú òpó ìgbàgbọ́ wa. Ṣùgbọ́n àwọn kan ń sá pamọ́ sẹ́yìn òpó yìí. Bí a bá ní kí wọ́n dìde sí ọ̀rọ̀ ẹni tí omi gbé ilé rẹ̀ lọ, wọn a ní iṣẹ́ Ọlọ́hun ni. Nínú Súrátù Yáásín, ẹsẹ 47, Ọlọ́hun sọ fún wa nípa àwọn tí a pè láti ná nínú arísìkí tí Ó fún wọn, tí wọ́n sì ṣe àwáwí pé bí Ọlọ́hun bá fẹ́, Òun fúnra Rẹ̀ ì bá bọ́ aláìní. Aláìgbàgbọ́ ni Àlùkùránì pe àwọn tí ó sọ bẹ́ẹ̀. Kí Mùsùlùmí má ṣe yá ẹnu wọn sọ̀rọ̀. Kádàrá wà fún ẹni tí ó pàdánù, kí ó lè ní sùúrù. Kò sí fún ẹni tí ó lè ṣèrànwọ́, kí ó lè káwọ́ lẹ́rán.

Ẹ jẹ́ kí a wo ìlú Ìbàdàn. Odò Ògùnpa ti ya ní 1960, 1963 àti 1978, kí ó tó di ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tí ẹ̀mí tí ó lé ní 200 bá omi lọ. Iṣẹ́ tí a ní kí a fi tún ojú odò náà ṣe fà fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní ọjọ́ Jímọ̀, 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011, nínú ọjọ́ mẹ́wàá ìkẹyìn Ramadan, òjò ńlá tún rọ̀. Adágún omi Ẹlẹ́yẹlé kún àkúnwọ́sílẹ̀, omi wó afárá, ó sì lé ní 100 ènìyàn tí ó kú. Òjò kan náà ni ó rọ̀ sórí òrùlé olówó àti ti tálákà, ṣùgbọ́n ẹni tí ó wà ní etí odò ni omi gbé. Ọlọ́hun ni ó rọ òjò. Ta ni ó ta ilẹ̀ etí odò? Ta ni ó wò ó níran tí a fi kọ́ ilé sí ojú ọ̀nà omi? Ta ni ó da ìdọ̀tí sínú gọ́tà? Ọwọ́ ènìyàn ni ìdáhùn ìbéèrè wọ̀nyí wà.

Ànábì (kí ìkẹ́ àti ọlà Ọlọ́hun máa bá a) kọ́ wa pé olùṣọ́ ni olúkúlùkù wa, a ó sì bi wá léèrè ohun tí a fi ṣọ́ wa, títí kan aláṣẹ lórí àwọn ará ìlú. Ní ọdún 18 lẹ́yìn Híjírà, ọ̀dá mú Mẹ́dínà àti agbègbè rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí a fi ń pe ọdún náà ní Ọdún Eérú. Kálífà Umar kó àwọn ènìyàn jáde láti tọrọ òjò, ṣùgbọ́n kò fi mọ sí àdúrà. Ó kọ̀wé sí àwọn gómìnà rẹ̀, a sì fi ràkúnmí kó oúnjẹ wá láti Síríà. Ó dá gbígba sàká dúró títí ìyàn fi kásẹ̀. Kò gé ọwọ́ ẹni tí ebi mú kí ó jalè. Òun fúnra rẹ̀ kọ̀ láti jẹ ọ̀rá wàrà àti ẹran títí ará ìlú fi rí i jẹ. Ìwọ̀n tí a ó fi wọn àwọn aláṣẹ wa nìyí: kíkó ojú odò kí òjò tó dé, ìkìlọ̀ ní àsìkò, oúnjẹ àti ibùgbé nígbà tí omi bá ya, àti ilẹ̀ mìíràn fún tálákà kí a tó wó ilé rẹ̀. Ẹ̀tọ́ ni gbogbo èyí. Àpò ìrẹsì tí a ya àwòrán olóṣèlú sí kò lè rọ́pò rẹ̀.

Ṣùgbọ́n kí a má ṣe na ìka sí aláṣẹ nìkan. A máa ń gbọ́ láàárín ara wa pé, "Kí ló gbé wọn dé etí odò?" Ibi tí owó wọn mọ ni. Àwọn mìíràn a ní ẹ̀ṣẹ̀ wọn ni ó mú wọn. Ànábì ka Mùsùlùmí tí ó kú sínú omi àti èyí tí ilé wó pa mọ́ àwọn ṣàhídì. Ta ni àwa tí a ó pè é ní ẹni ìbínú? Àwọn àgbà sì ní bí ará ilé ẹni bá ń jẹ kòkòrò búburú, tí a kò sọ fún un, hẹ̀rẹ̀-huru rẹ̀ kò ní jẹ́ kí a sùn lóru.

Nítorí náà, ẹ jẹ́ kí a ṣe ohun mẹ́rin wọ̀nyí:

1. Kí a wá àwọn tí ó pàdánù rí, kí a má dúró dè wọ́n. Ẹni tí omi gbé ọjà àwìn lọ ti di onígbèsè, onígbèsè sì wà lára àwọn tí sàká tọ́ sí.
2. Kí a má fi ìrègún ba sàárà wa jẹ́. Kí a má ya fọ́tò ẹni tí ó ń gba oúnjẹ.
3. Kí a kó gọ́tà iwájú ilé wa. Ẹni tí ó ń ta ilẹ̀ láàárín wa, kí ó má ta ojú ọ̀nà omi fún ẹnikẹ́ni.
4. Kí a fi òdodo àti ọ̀wọ̀ bi àwọn aláṣẹ léèrè owó tí a yà sọ́tọ̀ fún odò, nígbà ẹ̀ẹ̀rùn, kí òjò tó dé.

Ọlọ́hun Ọba, fi òjò Rẹ ṣe àánú fún wa, má fi ṣe ìyà. Forí jin àwọn tí omi gbé lọ, fi èyí tí ó lóore jù rọ́pò fún àwọn tí ó pàdánù. Fi ìbẹ̀rù Rẹ sí ọkàn àwọn aláṣẹ wa, má sì jẹ́ kí àwa náà wà lára àwọn tí ó rí ìyà ọmọnìkejì, tí wọ́n gbójú kúrò. Àmín.