Ẹ Jẹ́ Kí Á Ṣírò Kí Á Tó Yáni Lówó

Ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù, nọ́ọ̀sì tó ríṣẹ́ sí Ìlú Ọba a máa wá yá owó ìrìn-àjò lọ́wọ́ ẹgbẹ́. Nínú ìwé tí mo ti yẹ̀ wò, mo rí onídùúró tó ń san gbèsè ẹni tó ti rékọjá òkun. Ẹ jẹ́ kí á fi ìṣirò kọ́gbọ́n.

Ká ní owó iṣẹ́ rẹ̀ ní England jẹ́ £30,000 lọ́dún. Ní ọdún owó-orí tó bẹ̀rẹ̀ ní oṣù Épírìlì 2025, ìjọba kò gba owó-orí lórí £12,570 àkọ́kọ́. Lórí £17,430 tó kù:

Owó-orí, 20 nínú 100: £3,486
Owó National Insurance, 8 nínú 100: £1,394

Ó ku £25,120, èyí jẹ́ nǹkan bí £2,093 lóṣù. Nínú rẹ̀ ni owó ìfẹ̀yìntì, owó ilé, owó-orí ilé ti ìjọba ìbílẹ̀, iná, oúnjẹ, ọkọ̀ àti owó tí yóò fi ránṣẹ́ sílé yóò ti jáde.

Nítorí náà, ẹ má ṣe sọ £30,000 di náírà kí ẹ fi yá a lówó. Ohun tó bá ṣẹ́ kù ni a fi ń san gbèsè.

Ìbéèrè fún ìpàdé: Bí owó ilé bá jẹ́ £900, tí ìnáwó yòókù jẹ́ £850, èló ni yóò kù lóṣù? Ṣé ó tó san ohun tó fẹ́ yá?